Géèmù wo lẹ máa gbé lọ bá àwọn ará àtijọ́ tí ẹnu wọn ò fi ní lè padé?

AdéPáàdì:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń jiyàn lórí ẹ̀ nínú WhatsApp, ó ti fẹ́ẹ̀ di ìjà. Ká ní ọkọ̀ kan wà tó lè gbé èèyàn padà sẹ́yìn, tí wọ́n wá ní kó o mú géèmù ẹyọ kan ṣoṣo dání, géèmù ìsinsìnyí o, kó o lọ fi han àwọn ará ìgbà kan, èwo lo máa mú, ta lo sì máa fi hàn?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò sóhun tá à ń rò níbẹ̀, pé Red Dead Redemption 2 ni, pé ẹ wo yìnyín, ẹ wo ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ wo irùngbọ̀n ọkùnrin yẹn tó ń hù bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Mo gbà pé ó rẹwà, kò sẹ́ni tó ń jà á níyàn. Àmọ́ ẹni tó ń gbá Pac-Man ní 1980, ṣé ó máa ní sùúrù géèmù tó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, orí ẹṣin lẹ máa wà nínú yìnyín, tí àwọn èèyàn á kàn máa sọ̀rọ̀ ṣáá? Oorun á gbé e lọ kí ìbọn kan tó dún.

Òfin díẹ̀ rèé kí ọ̀rọ̀ má bàa fẹjú jù. Ẹ lè gbé ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá fẹ́, PS5 o, Switch o, kọ̀ǹpútà o, fóònù o. Tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ lẹ máa lò. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Iná NEPA, bẹ́ ẹ bá ṣe bá a náà nìyẹn. Ọ̀sán kan ṣoṣo lẹ ní. Ẹ má sì kàn dárúkọ géèmù kẹ́ ẹ máa lọ o, ẹ sọ ìdí ẹ̀, ẹ sọ ọdún tẹ́ ẹ̀ ń lọ, torí ará 1980 yàtọ̀ sí ará 1995, ará 1995 náà sì yàtọ̀ sí àwa tá a dàgbà sídìí PS2.

Jagaban_Winning:

Bọ́ọ̀lù ni jàre, kí lẹ tún ń wá kiri. EA FC tó jáde kẹ́yìn, èyí tó ń jẹ́ FIFA tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sí 1994, ìgbà tí Super Eagles wà ní Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá àdúgbò ò ní tú síta.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. FIFA àkọ́kọ́ pàá ti wà nígbà yẹn, ìparí 1993 ló jáde, ẹni tí wọ́n bá ní Sega nílé wọn ló ń rí i gbá. Òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lẹ ti ń wò ó, àwọn agbábọ́ọ̀lù ò ju ìka ọwọ́ lọ, orúkọ tí wọ́n sì ń jẹ́, àwọn tó ṣe géèmù ló jókòó hun ún fúnra wọn, kò sí Yekini, kò sí Okocha, kò sí ẹnì kankan tẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣì gbádùn ẹ̀ débi pé wọ́n ń ṣe líìgì lórí ẹ̀, wọ́n ń kọ tábù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹnu kì í ya èèyàn sí ohun tí kò mọ bó ṣe yẹ kó rí. Tẹ́ ẹ bá fi dragon han bàbá kan, ṣé ó ti rí dragon rí ni, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n yà á dáadáa? Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Kò sẹ́ni tí kò mọ bí àwọ̀n ṣe máa ń ṣe tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. June 21 ọdún yẹn ni Yekini ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n lẹ́yìn tó gbá ti Bulgaria wọlé, tó ń sunkún tó ń pariwo, gbogbo Nàìjíríà ló rí àwọ̀n yẹn. Ẹ wá gbé géèmù síwájú wọn tí àwọ̀n ẹ̀ ń wú tó tún ń rọ̀ padà, tẹ́ ẹ bá ń wo replay ẹ máa rí òógùn níwájú orí agbábọ́ọ̀lù, ẹ máa rí ibi tí ṣòkòtò ẹ̀ ti dọ̀tí torí pé ó fi ìdí yọ̀ lórí pápá, òǹwòran ń dìde níkọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ń gbé ọwọ́ sórí. Páàdì gan-an ò ní jẹ́ ìyọnu. Ẹni tó ti gbá ti Sega mọ̀ pé bọ́tìnnì kan wà fún páàsì, òmíì wà fún ṣúùtù, ìyókù á mọ́ ọn lára kí háàfù táìmù tó dé.

Elétíríkì_Àgbà:

Jagaban ọ̀rọ̀ ẹ dùn létí, àmọ́ ṣé o ti wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n 1994 rí?

AdéPáàdì ní tẹlifíṣọ̀n tá a bá bá níbẹ̀ la máa lò. PS5 ò ní ihò míì tó ń gbé àwòrán jáde ju HDMI lọ. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, tó bá jẹ́ ti olówó, á ní ihò yẹ́lò àti funfun lẹ́yìn, èyí tó pọ̀ jù nílé àwọn bàbá wa, ihò áńtẹ́nà nìkan ló ní, òun náà la máa ń ki wáyà TV game bọ̀, ká wá máa rọra yí channel títí àwòrán á fi dúró, tí ẹnì kan bá sì fẹsẹ̀ gbá wáyà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Torí náà ẹ máa gbé kọ́ńfátà dání tó ń sọ HDMI di yẹ́lò, ẹ tún gbé òmíì tó ń sọ yẹ́lò di áńtẹ́nà. Ó dáa, ká ní ẹ rí gbogbo ẹ̀ ṣe, kí ló máa wá jáde? Ìlà 576 ni PAL, ètò tẹlifíṣọ̀n tiwa, ní láti fi ya àwòrán, géèmù 4K ní 2160. Òógùn tó ò ń sọ yẹn, àbàwọ́n ló máa dà. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nísàlẹ̀ ò ní ṣe é kà, iye góòlù tó wà ní kọ̀rọ̀ lókè, ẹ máa ní kí ọmọ kan dúró sún mọ́ ọn kó máa kà á fún yín. Tó bá tún wá lọ jẹ́ bíláàkì áńdì wáìtì, ẹ ò ní mọ ẹgbẹ́ tó ń gbá síbí àti èyí tó ń gbá sọ́hùn-ún.

Ẹ má sì gbàgbé pé géèmù ìsinsìnyí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa ki bọnú ẹ̀rọ tó máa bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Red Dead tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn, díísìkì méjì ló bá wá lórí PS4, ọ̀kan fún kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà á sínú ẹ̀rọ, ó tó bíi 100GB. Tẹ́ ò bá ti dà á sí i kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ọ̀sán kan yín ti lọ síbi tí ẹ̀yin àti bàbá onílé jọ ń wo ìlà aláwọ̀ búlúù tó ń gùn díẹ̀díẹ̀.

Èmi ní tèmi, Nintendo Switch ni, ó gbé sìkírìn ẹ̀ dání wá. Mò ń lọ sí 1990, ọ̀dọ̀ ọmọ tó ní Game Boy. Game Boy jáde ní 1989, àwọ̀ ewé mẹ́rin péré ló ń fi hàn, bátìrì mẹ́rin ló ń jẹ, kò sí iná lójú ẹ̀, tílẹ̀ bá ti ṣú ẹ máa lọ jókòó sábẹ́ gílóòbù. Mo máa gbé Zelda Breath of the Wild lé e lọ́wọ́. Zelda àkọ́kọ́ ti jáde láti 1986, ìgbà tẹ́ ẹ bá rìn dé etí sìkírìn nínú ìyẹn, àwòrán á sún kúrò, òmíì á wọlé, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa rin gbogbo ilẹ̀ náà ní pẹ́ẹ́lí pẹ́ẹ́lí. Nínú ti ìsinsìnyí, ọmọ yẹn á jáde látinú ihò àpáta, á sáré dé bèbè òkè, á rí gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, igbó, odò, òkè kan tó ń yọ iná lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Á ní ṣé wọ́n kàn kun òkè yẹn sẹ́yìn ni. Màá ní kó máa lọ. Ọ̀nà á jìn, òjò á pa á, á sì dé ìdí ẹ̀, á fi ọwọ́ gùn ún.

Bátìrì ẹ̀ á gbé e tó wákàtí mẹ́ta, NEPA ò kàn mí. Ìyọnu tí mo rí níbẹ̀ kò ju pé ó máa yọ kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jáde kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe.

AdéPáàdì:

Ẹ̀gbọ́n Elétíríkì, ẹ ti pa Jagaban o. Àmọ́ mo ní ìbéèrè. Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ló máa yà á lẹ́nu báyìí? Tẹ́ ẹ bá gbé fóònù tó ní Candy Crush lọ, ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà?

Elétíríkì_Àgbà:

Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọdé kì í pẹ́ kí nǹkan tó mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ìyẹn ohun tó wà nínú ẹ̀ ló kù.

Bàbá_Peckham:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àwọn ará 1980 bíi pé wọ́n ti kú tán. Èmi rèé o, mo ṣì wà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà nígbà yẹn, mò ń kàwé lọ́sàn-án mò ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, ṣọ́ọ̀bù ẹja díńdín kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n gbé ẹ̀rọ Space Invaders sí, nígbà tó yá wọ́n gbé e kúrò wọ́n gbé Pac-Man síbẹ̀. 10p lẹ máa sọ sínú ẹ̀. Ẹ máa to owó ẹyọ yín sórí gíláàsì ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀yin ló kàn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rò pé ẹ ò mọ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó dúró sídìí ẹ̀rọ yẹn tó ń rò ó pé àwòrán ẹ̀ ò dáa. Àwọn iwin mẹ́rin inú Pac-Man yẹn, abẹ̀mí la kà wọ́n sí, torí ìwà wọn ò jọra. Pupa ń lé ẹ tààrà. Pínǹkì ń lọ dè ẹ́ níwájú ibi tó ò ń lọ. Èyí tó ní àwọ̀ ọsàn, á máa bọ̀ wá bá ẹ, tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ á tún yà lọ sí kọ̀rọ̀ tiẹ̀. A máa ń jókòó jiyàn lórí wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn ará ilé tá a jọ ń gbé. Torí náà, ẹni tó bá gbé ẹṣin àti irùngbọ̀n wá bá mi nígbà yẹn, màá ní ó dáa, sinimá tó dáa ni, màá wá béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń gbá a.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ọwọ́. Pac-Man ò ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń gbá a, ọ̀pá kan ṣoṣo ni. Atari tí àwọn tó rí já jẹ ní nílé, ọ̀pá kan, bọ́tìnnì kan. Ẹ wá gbé páàdì PS5 lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pá méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀kan fún ojú, bọ́tìnnì lókè, bọ́tìnnì lábẹ́, òmíì tún wà níbi tí ọ̀pá wà tó jẹ́ pé ńṣe lẹ máa tẹ ọ̀pá ọ̀hún wọlé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti gbé e fún mi rí. Òrùlé ni mò ń wò, ẹsẹ̀ mi ń rìn lọ bá ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo gbé e padà fún wọn. Ẹni tójú ń tì, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè yanu?

Beat Saber ni màá gbé. Ẹ fi Quest, ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ ojú yẹn, bò ó lójú, ẹ fi igi méjèèjì sí i lọ́wọ́, á rí i pé idà iná ni, ọ̀kan pupa ọ̀kan búlúù, àpótí ń bọ̀ pẹ̀lú orin, á gé e. Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Kò lo tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni, Elétíríkì ò ní rí ihò kankan ṣàwáwí lé lórí. Ìyá tó ń ta àkàrà á lè gbá a. Ohun tí mo sì mọ̀ dájú pé ará 1980 máa béèrè lẹ́yìn tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kíní ni pé níbo ni wọ́n ń sọ owó sí. Tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé kò sí owó kankan, pé kó kàn tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló máa yà á lẹ́nu ju idà lọ.

Captain_Ìkẹjà:

Gbogbo yín ẹ ò dárúkọ Microsoft Flight Simulator, géèmù wíwa bàálù? Ti 1982 wà lórí IBM PC, Chicago lẹ ti ń gbéra, pápá Meigs Field, ìlà gbọọrọ gbọọrọ ni wọ́n fi ya ilé. Ẹ gbé ti 2020 lọ bá wọn, gbogbo ayé ló wà nínú ẹ̀. Mo ti gbéra ní Murtala Muhammed rí, mo fò gba orí Third Mainland, mo wo Mákòko nísàlẹ̀. Ẹ mú ará Èbúté Mẹ́ta kan ní 1982 kẹ́ ẹ gbé e fò lórí ilé ẹ̀ kó wo òrùlé ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Elétíríkì_Àgbà:

Captain, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán Mákòko tó o rí yẹn, orí ẹ̀rọ àwọn Microsoft ló ti ń wá bá ẹ, wọ́n ní ó ju petabyte méjì lọ, ìyẹn GB mílíọ̀nù méjì, ọkọ̀ òfurufú lo máa fi kó díísìkì ẹ̀. Láìsí íntánẹ́ẹ̀tì géèmù yẹn á ṣì fò o, àmọ́ ilé tó bá wù ú ló máa tò sórí ilẹ̀. Ará Èbúté Mẹ́ta á wo ìsàlẹ̀, á ní ibo lẹ gbé mi wá.

Captain_Ìkẹjà:

Ẹ tiẹ̀ ronú sí i ná, ẹ̀gbọ́n. Third Mainland ò tíì parí ní 1982, 1990 ló parí. Ó máa rí afárá tí wọ́n ṣì ń ṣe, odidi ẹ̀, tó na ara ẹ̀ lórí ọ̀sà.

Jagaban_Winning:

Á ní irọ́ ni. Á tún béèrè pé ṣé wọ́n ti ṣe gọ́tà iwájú ilé òun níbẹ̀.

R1R2L1X:

Ẹ jẹ́ á má lọ jìnnà jù, ẹ̀yin èèyàn mi. 2005. Ṣọ́ọ̀bù géèmù, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń pariwo níta, PS2 tí wọ́n ti chip kó lè máa gba díísìkì àdàkọ, ọmọ iléèwé kan fi owó oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ san ọgbọ̀n ìṣẹ́jú San Andreas. Ìwé ẹ̀ wà lórí itan ẹ̀, ojú ewé tó kẹ́yìn nínú nóòtù Máàtì, ó ti kọ gbogbo cheat sí i: R1 R2 L1 X left down right up left down right up, owó àti ẹ̀jẹ̀ àti asà ìbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í wo ìwé mọ́ gan-an, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, orin ló fi ń kọ ọ́.

Màá jókòó tì í, màá tan GTA V, àbúrò San Andreas. Àwòrán kọ́ ni màá fi hàn án. Màá kàn kúrò lórí Michael lọ sórí Trevor, méjì nínú àwọn tẹ́ ẹ máa ń fi gbá a. Kámẹ́rà á fò sókè, á tún fò sókè sí i, gbogbo ìlú á kéré nísàlẹ̀, á sún lọ sí ẹ̀gbẹ́, á wá já wálẹ̀ sórí ọkùnrin míì níbòmíì tó jẹ́ pé ó ti ń bá ìṣekúṣe tiẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó dé. Ọmọ San Andreas nìkan ló lè mọ bí ìyẹn ṣe tó, torí òun ló máa ń jókòó wo sìkírìn dúdú nígbàkigbà tí CJ, ẹni tí wọ́n fi ń gbá San Andreas, bá wọ ilé kan. Mẹ́mórì PS2 ò ju 32MB lọ, tẹ́ ẹ bá fò kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíì báyẹn, ó máa bú gbàmù ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn tó ń dúró kó kàn wọ́n náà á pariwo, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á wá wò ó.

Ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ṣá ni cheat ẹ̀. Màá sọ fún un pé cheat wà, àmọ́ kò sí ti owó. Á ní géèmù burúkú ni.

Bọ́lọ́ọ̀kù:

Minecraft. 1996, ọmọ tó ní PlayStation àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ á fi yín rẹ́rìn-ín o, á ní Crash Bandicoot òun dáa lójú ju èyí lọ, kò sì parọ́. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ́ ilẹ̀ kó rí i pé ilẹ̀ ọ̀hún ṣe é gbẹ́, pé inú ihò tó gbẹ́ ihò míì wà. Ju mílíọ̀nù 300 ni wọ́n ti tà nínú ẹ̀, kì í ṣe torí pé ó rẹwà. Ìṣòro mi ni pé ọ̀sán kan ti kéré jù, torí ẹ máa jà kẹ́ ẹ tó gba páàdì lọ́wọ́ ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_PES:

Gbogbo yín lẹ̀ ń fọkàn rò ó, èmi ti ṣe é, mi ò sì wọ ọkọ̀ kankan. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìbàdàn ni wọ́n dàgbà sí, ọmọ ẹ̀yìn Shooting Stars ni wọ́n látìgbà tó ti ń jẹ́ IICC, ife Áfíríkà ti àwọn kíláàbù tí ẹgbẹ́ náà gbà ní 1976 yẹn, ẹ máa rò pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Wọn ò fọwọ́ kan géèmù rí láyé wọn. Mo gbé PS4 lọ sílé, mo tan PES, géèmù bọ́ọ̀lù míì, mo gbá ìdíje kan níwájú wọn. Jagaban, gbogbo òógùn àti àwọ̀n tẹ́ ẹ sọ yẹn, ó wà níbẹ̀ o. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní "ó dáa", wọ́n yíjú padà sí rédíò wọn.

Nígbà tó yá wọ́n ní, "Odégbàmí wà níbẹ̀?"

Mo ní rárá sà, wọn ò fi í sí i.

Wọ́n ní, "Ta ló wá wà níbẹ̀?"

PES ní ibi tó ń jẹ́ Edit. Mo wọ ibẹ̀ mo dá agbábọ́ọ̀lù tuntun, mo kọ ODEGBAMI, wíńgà ọ̀tún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sún àga mọ́ mi. Wọ́n ní ó ga jùyẹn lọ, mo fi kún un. Wọ́n ní itan ẹ̀ ò tóbi báyẹn, mo dín in. A dé orí irun, wọ́n ní áfúrò ni, mo mú áfúrò, wọ́n ní kì í ṣe èyí tó tóbi tó yẹn, ṣé oníjó ni. Ṣòkòtò bọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn kúrú gan-an, géèmù ò ní irú ẹ̀, wọ́n bínú sí i gidi. Mo tún dá Múdà Lawal. Wọ́n ní ká dá Chukwu torí òun ni kápútẹ́nì, ká fi Best Ogedegbe sí góòlù. Ọ̀sán náà lọ síbẹ̀, èbà tí mo rò fún wọn di yìnyín.

Àwọn tó kéré nínú yín lè má mọ̀ ọ́n: March 22, 1980, Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0, wọ́n gba Ife Áfíríkà nígbà àkọ́kọ́. Odégbàmí gbá méjì, Múdà gbá ọ̀kan. Nítorí náà mo wọ àwọn tiwa ní aṣọ ewé, mo wọ àwọn tó kù ní funfun, a ní Algeria ni wọ́n. Mo gbé páàdì fún wọn, wọ́n kọ̀, Bàbá Peckham ẹ̀yin lẹ jàre, wọn ò tiẹ̀ wo bọ́tìnnì ẹ̀. Wọ́n ní kí èmi máa gbá a, àwọn á máa sọ fún mi. "Fún Ṣẹ́gun! Fún Ṣẹ́gun!" Mo fún Ṣẹ́gun Odégbàmí, ó gba etí ìlà lọ fẹ̀ẹ̀, mo kọ́ọ̀sì í, Múdà fi orí kàn án, ó lọ sókè òpó. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n fọwọ́ gbá itan, wọ́n ní kò sí bí Múdà ṣe máa pàdánù ìyẹn, pé àwọn tó ṣe géèmù yẹn ni ò mọ bọ́ọ̀lù.

AdéPáàdì, èyí tó bá ní Edit ni kó o gbé. 1980 ni kó o gbé e lọ, kó o jẹ́ káwọn fúnra wọn máa sọ ẹni tó máa wà nínú ẹ̀.

Bàbá_Peckham:

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ dáadáa, o ṣeun, bá mi kí bàbá. Èmi ò rí ìdíje yẹn o. Lẹ́tà ni ẹ̀gbọ́n mi fi ròyìn ẹ̀ fún mi, ó ya pápá sínú ẹ̀ ó fi ọfà júwe ibi tí góòlù kọ̀ọ̀kan gbà wọlé. Ṣé ẹ lè fi fídíò ìdíje tẹ́ ẹ gbá yẹn ránṣẹ́ síbí?

Elétíríkì_Àgbà:

Àbẹ̀kẹ́, mo fara mọ́ ọn o. Tẹlifíṣọ̀n 1980 gan-an ò ní ba ìyẹn jẹ́, ẹni tó bá mọ bí Odégbàmí ṣe ń sáré máa dá a mọ̀ nínú ìlà 576. Àmọ́ bátìrì Switch ni mo ṣì fọkàn tán ju NEPA lọ.

Jagaban_Winning:

Àbẹ̀kẹ́ má bínú, ìbéèrè kan: speed mélòó lo fún Odégbàmí?

Àbẹ̀kẹ́_PES:

Mo fẹ́ fún un ní 88. Wọ́n ní mélòó ló ga jù lọ, mo ní 99, wọ́n ní kí n kọ 99. Mo ní bàbá, wọn kì í ṣáà fún èèyàn ní 99, Mbappé gan-an ò yẹ kó gba 99. Wọ́n ní ta ni Mbappé, ṣé ó wà ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ yẹn ni.